Ta ló ni àṣẹ lórí ẹ̀sìn ọmọ? Ìdáhùn sí ìyá kan ní Ṣágámù

Ìyá kan kọ̀wé sí wa báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣágámù ni mò ń gbé, mo sì bí ọmọ mẹ́ta. Mùsùlùmí ni bàbá wọn, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni èmi ń lọ. Nígbà tí a fẹ́ra, a fẹnu kò pé ẹ̀sìn bàbá wọn ni àwọn ọmọ yóò máa ṣe títí wọn yóò fi dàgbà, kò sì sí ìjà kankan nílé wa lórí rẹ̀. Méjì nínú wọn ń lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Láti sáà tó kọjá, tíṣà kan ń fi pàṣán halẹ̀ mọ́ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, bí kò bá dijú kó sì ṣe àmín ní orúkọ Jésù ní àsẹ́ḿbìlì. Ó tún sọ fún un pé iná ọ̀run ni bàbá rẹ̀ ń lọ. Mo ń múra láti lọ bá wọn, ni oníwàásù kan bá wá sí àdúgbò wa, ó ní orílẹ̀-èdè ló ni ọmọ, Ọlọ́run ló ni orílẹ̀-èdè, àwọn tó máa fi òfin dá gbogbo ọmọ padà sọ́dọ̀ Krístì nìkan ni ká dìbò fún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́, òun náà ní ká kó àwọn ọmọ kúrò ní ilé-ìwé pátápátá, kí wọ́n lọ máa gbé ní ilé-kéwú, pé òfin fi ọmọ fún ẹ̀sìn bàbá, èmi kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Kí ni mo lè ṣe tí ọmọ mi kò fi ní jìyà?"

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà yín: ti tíṣà tó ń fi pàṣán gba àmín, ti oníwàásù tó ń fi ọmọ yín wá ìbò, àti ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sọ pé nítorí ọmọ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ́tí sí wọn dáadáa, nǹkan kan náà ni wọ́n ń béèrè, pé kí ìyá àti bàbá yẹ̀ sẹ́yìn kí ẹlòmíràn máa pàṣẹ. Òfin Nàìjíríà kò fi àṣẹ yẹn fún ìkankan nínú wọn. Ẹ̀yin àti ọkọ yín ni ó gbé ìtọ́sọ́nà ẹ̀sìn àwọn ọmọ yìí lé lọ́wọ́. Àwọn ibi tí ìjọba ti lè dá sí i wà, wọn kò pọ̀, ẹ ó sì rí ìdí tí wọ́n fi wà.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Abala 10 sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 ló kàn yín gan-an. Apá kìíní rẹ̀ fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí ẹ̀sìn padà. Apá kejì dá lórí ilé-ìwé: a kò gbọdọ̀ fi dandan mú ẹnikẹ́ni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbikíbi láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí láti kópa nínú ìsìn, tàbí láti wà níbẹ̀ pàápàá, bí ẹ̀sìn náà kì í bá ṣe tirẹ̀, tàbí bí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Apá kẹta ní a kò gbọdọ̀ dí ìjọ kan lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn wọn, ní ilé-ìwé tí ìjọ náà ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ pátápátá. Apá kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé máa ń nà sí òbí lójú, wọ́n á ní, "Ilé-ìwé míṣọ̀n ni wá." Ilé-ìwé tí ìjọba ń san owó oṣù tíṣà rẹ̀ kò sí lábẹ́ apá kẹta, bó ti wù kí orúkọ ẹni mímọ́ wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ìjọ náà fúnra wọn sì ni apá kẹta ń sọ, kò fún ìjọ ní àṣẹ lórí ọmọ ẹlẹ́sìn mìíràn.

Òfin kejì ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti sọ di òfin tirẹ̀. Abala 7 nínú ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ní òmìnira ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn. Òbí ni yóò máa tọ́ ọ sọ́nà nínú rẹ̀, bí òye ọmọ bá ṣe ń pọ̀ sí i àti bí yóò ṣe ṣe é láǹfààní, gbogbo ènìyàn, ilé-iṣẹ́ àti aláṣẹ sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ òbí yìí. Ìyá wà lára òbí. Ibi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ti ṣì í mú nìyẹn. Kì í ṣe pé ó kàn dá a sílẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ o. Nínú àṣà wa, ìdílé bàbá ló ni ọmọ, ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà sì ka ọmọ tí Mùsùlùmí bí sí Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé kọ́ọ̀tù, ohun tí adájọ́ máa kọ́kọ́ wò ni èyí tó máa ṣe ọmọ náà ní àǹfààní jù lọ. Bí bàbá àti ìyá bá wà láàyè, tí wọ́n jọ ń gbé, tí ẹnu wọn sì kò, ẹ̀gbọ́n bàbá kò ní àṣẹ kankan nínú òfin láti kó ọmọ lọ síbì kan. Ó lè gbani nímọ̀ràn, kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, nítorí ibẹ̀ ni ìyà ti ń jẹ ọmọ lójoojúmọ́. Láàárọ̀, àwọn ọmọ á to ìlà lórí yẹ̀pẹ̀ níwájú kíláàsì, àwọn kékeré níwájú, àwọn àgbà lẹ́yìn. Orin á bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan á jáde gbàdúrà, tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á sì máa rìn láàárín ìlà, pàṣán lábẹ́ abíyá, á máa wo ẹni tí ojú rẹ̀ là. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún kan náà, pàṣán yìí kan náà ni wọ́n fi ń bá ẹni tó pẹ́ wí, òun ni wọ́n fi ń bá ẹni tó ń pariwo wí, òun náà ni wọ́n sì fi ń bá ẹni tí kò ṣe àmín wí. Ọmọ ọdún 9 kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó máa kọ́ ni pé ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀sìn bàbá òun, aláìgbọràn ni. Ìdí nìyí tí mo fi ka ọ̀ràn yìí sí ńlá, bí àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé "àdúrà lásán kọ́?" Kí a má purọ́ mọ́ ilé-ìwé ṣá: òfin kò ní kí ilé-ìwé ìjọba má gbàdúrà rárá. Dandan ni ó kọ̀, àti ìjìyà fún ẹni tí kò bá kópa. Bí tíṣà bá sì sọ fún ọmọ pé iná ọ̀run ni bàbá rẹ̀ ń lọ, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ àdúrà. Ìwà tí kò yẹ òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó sì yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́.

Ẹ má sì rò pé ẹnì kan ló jókòó sí Abẹ́òkúta tó ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣà tó ti pẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí ogun Ìmágbọ̀n tó wáyé ní oṣù karùn-ún 1892, Ìjẹ̀bú kò fàyè gba òyìnbó àti oníwàásù bí àwọn ìlú mìíràn ṣe ń gbà wọ́n. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun, ẹ̀sìn Krístì àti Ìsìláàmù tàn wéréwéré ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, débi pé agboolé kan náà lè ní pásítọ̀ àti lèmọ́mù. Àwọn míṣọ̀n ló kọ́kọ́ kọ́ ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kò fi ọmọ síbẹ̀ nítorí ẹ̀rù pé wọ́n á yí wọn lẹ́sìn padà, ẹ̀rù náà sì nídìí, torí pé wọ́n máa ń yí orúkọ ọmọ padà lóòótọ́. Ìyẹn ló fà á tí àwọn Mùsùlùmí fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923 láti máa kọ́ ilé-ìwé tiwọn, tí Ijebu Muslim College náà fi dé ní 1950. Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ gbogbo ẹ̀sìn sì rọ́ wọ inú ilé-ìwé tí míṣọ̀n kọ́. Nígbà tó di ọdún 1970 sí 1979, ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn míṣọ̀n. Owó oṣù yí padà, ìwé ẹ̀kọ́ yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ ara pátákó àti orin àárọ̀ dúró bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ tíṣà tó ń darí àdúrà lónìí, ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín bí ẹ bá ń lọ bá wọn, torí ẹni tó ń tẹ̀lé àṣà rọrùn láti bá sọ̀rọ̀ ju ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń jagun ẹ̀sìn lọ.

Ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Tai Solarin jẹ́ ọ̀gá àgbà Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti 1952. Ó fi òpin sí ìsìn àárọ̀ níbẹ̀, ìyẹn sì dá èdè àìyedè sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn tó ni ilé-ìwé náà. Ó kúrò níbẹ̀, ó sì dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1956, ilé-ìwé tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò ní mọ́ṣáláṣí, tí ìsìn àárọ̀ kò sì sí níbẹ̀. Àwọn òbí Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí mú ọmọ wọn wá, wọ́n ń fi ẹ̀sìn kọ́ wọn nílé. N kò ní kí gbogbo ilé-ìwé dà bíi Mayflower. Solarin kò gba Ọlọ́run gbọ́, ọ̀pọ̀ òbí kò sì ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mú un wá nítorí àwọn tó ń sọ pé bí ilé-ìwé kò bá fi ipá múni gbàdúrà, ọmọ á bàjẹ́. Ní Rẹ́mọ níbí, níwájú ojú wa, a rí ilé-ìwé tí kò ṣe é tó sì tọ́ ọmọ tó yanjú.

Wàyí o, oníwàásù yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fi ń rí ẹni tó ń gbọ́ ọ kí n tó sọ ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí. Ẹgbẹ́ òkùnkùn ń pa ọmọ ènìyàn ní Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, oògùn olóró wà níta, ọmọ tí kò tíì wọ sẹ́kọ́ńdìrì ń gbọ́ nípa yahoo. Bí ẹnì kan bá gun orí pẹpẹ tó ní "a máa gba àwọn ọmọ yín là", ó fọwọ́ kan egbò. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ó gbé ojútùú lé ibi tí àìsàn kò sí. Ọmọ tó ń wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn nílò àgbà tó ń ṣọ́ ọ, ilé-ìwé tí tíṣà rẹ̀ pé, iṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Òfin tó fi dandan mú ọmọ Mùsùlùmí ṣe àmín kò fi ìkankan nínú wọn kún un. Ohun tó ń fi kún un ni agbára ẹni tó máa mójú tó òfin náà.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé níbòmíràn, ọ̀nà kan náà ló sì máa ń gbà. Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Oregon, wọ́n dìbò ní 1922 láti fi dandan mú gbogbo ọmọ ọdún 8 sí 16 lọ sí ilé-ìwé ìjọba. Ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tó kórìíra ẹlòmíràn, wà lára àwọn tó ti òfin náà lẹ́yìn, wọ́n ní kí ọmọ lè di ojúlówó ọmọ Amẹ́ríkà. Ilé-ìwé àwọn Kátólíìkì ni wọ́n fẹ́ tì. Krìstẹ́nì ni wọ́n, Krìstẹ́nì náà ni wọ́n ń lé. Ní 1925 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fagi lé e, ó ní ìjọba kọ́ ló dá ọmọ, ẹni tó ń tọ́ ọ ló ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ìlú Bologna ní Ítálì ní 1858, tó wà lábẹ́ ìjọba Póòpù nígbà yẹn, ọlọ́pàá wọ ilé àwọn Júù kan, wọ́n sì gbé ọmọkùnrin ọdún 6 wọn, Edgardo Mortara, lọ, nítorí pé ọmọ-ọ̀dọ̀ ilé náà ti fi omi ṣe ìrìbọmi fún un ní ìkọ̀kọ̀ nígbà tó ń ṣàìsàn. Òfin ìlú sọ pé ọmọ tó bá ti ṣe ìrìbọmi kò lè gbé lọ́dọ̀ òbí Júù. Ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, wọn kò rí i gbà padà. Kò sí ẹni tó ní àwọn òbí yẹn burú. Ìjọba kàn ti pinnu pé ẹ̀sìn ìlú ju òbí lọ ni.

Ẹni tó bá ń rò pé ẹ̀sìn tòun ló máa wà lókè, kí ó wo Pakístánì. Orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ní 1974 ó tún ìwé òfin rẹ̀ ṣe láti sọ pé àwọn Ahmadiyya kì í ṣe Mùsùlùmí, nígbà tó sì di 1984, ó di ẹ̀ṣẹ̀ fún wọn láti pe ilé ìsìn wọn ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn Ahmadiyya yìí kan náà ni aládùúgbò wa nílẹ̀ Yorùbá. Tí ìjọba bá ti gba àṣẹ láti mú ẹ̀sìn kan, iṣẹ́ tó kàn ni pé kí ó yan ìjọ tó jẹ́ ojúlówó nínú ẹ̀sìn náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníwàásù yín bóyá àdúrà Áńgílíkà, ti Kérúbù tàbí ti ìjọ tòun ni wọ́n máa kà ní àsẹ́ḿbìlì. Ní Nàìjíríà náà a ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sìn dí ọ̀nà òfin tó dáàbò bo ọmọ. Ní oṣù keje 2013, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fẹ́ yọ gbólóhùn kan nínú abala 29 ìwé òfin 1999 tó ka obìnrin tó bá ti wọlé ọkọ sí àgbà, kódà bí kò tíì pé ọdún 18. Wọ́n ti dìbò pé kí wọ́n yọ ọ́. Sẹ́nétọ̀ Ahmed Sani Yerima, tó ti ṣe gómìnà Zamfara, dìde, ó ní ó lòdì sí Ìsìláàmù. Wọ́n dìbò lẹ́ẹ̀kejì, ìbò kò tó mọ́, gbólóhùn náà sì dúró síbẹ̀.

Nítorí náà ìbò yín, tiyín ni. Kò sí ìbò tó lè yí abala 10 àti 38 padà pẹ̀lú gómìnà kan tàbí ààrẹ kan. Àtúnṣe abala 38 nílò ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn aṣòfin àgbà àti ti àwọn aṣòfin kékeré, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣèlérí rẹ̀ nígbà ìpolongo ń ṣèlérí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó.

Mo sọ ṣáájú pé ìjọba ní ibi tó lè dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ lóòótọ́. Ẹ̀kọ́ ni àkọ́kọ́, ìyẹn ló sì máa dá ẹ̀gbọ́n ọkọ yín lóhùn. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 fi dandan mú òbí láti rán ọmọ ní ilé-ìwé fún ọdún 9, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 6 àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré 3. Òbí tí kò bá ṣe é, ìkìlọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Lẹ́yìn náà ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Owó náà kò tó nǹkan mọ́, ọ̀pọ̀ sì ni wọn kì í mú, ṣùgbọ́n òfin ni. Ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ dára, ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣágámù ló ń ṣe é. Ilé-kéwú dípò ilé-ìwé kò bófin mu, ọmọ náà ló sì máa san gbèsè rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ìgbéyàwó ni ìkejì: abala 21 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ẹni tí kò tíì pé 18 kò lè ṣègbéyàwó, abala 23 sì fi ₦500,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 dè é. Ìkẹta ni ẹ̀mí ọmọ. Ní 1997, ìyá kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ jòjòló lára, àwọn ọlọ́pàá gba àṣẹ lọ́dọ̀ adájọ́, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, nígbà tó sì di 2019, ilé ẹjọ́ sọ pé àgbàlagbà lè kọ ẹ̀jẹ̀ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òbí kò lè fi ẹ̀sìn tirẹ̀ pa ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ẹ̀tọ́ òbí tóbi, kò sì tó láti fi ẹ̀mí ọmọ tàbí ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ rúbọ nítorí ẹ̀sìn.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Bí bàbá nìkan bá kọ ọ́, wọ́n á ní ìyá jẹ́ Krìstẹ́nì, kò gbà. Bí ìyá nìkan bá kọ ọ́, wọ́n á ní ọkọ kò mọ̀. Kí ó má ju ojú ìwé kan lọ. Òyìnbó ló ń rìn jù ní ọ́fíìsì ìjọba, nítorí náà bí ẹ bá lè rí ẹni bá yín kọ ọ́ lóyìnbó, ó dára, Yorùbá náà kò sì burú. Ẹ lè sọ báyìí: "Àwa òbí ọmọ yìí, kíláàsì báyìí, ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún yín pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni a fi ń tọ́ ọ. Gẹ́gẹ́ bí abala 38, apá kejì, nínú ìwé òfin 1999, a kò fọwọ́ sí i kí ó kópa nínú àdúrà tàbí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn mìíràn. A bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́ nígbà àdúrà láìsí ìjìyà, kí ẹ fi í sí kíláàsì ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù (I.R.S.), kí ẹ sì bá tíṣà tó ń sọ̀rọ̀ òbí rẹ̀ láìdáa sọ̀rọ̀." Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Hẹdimásítà tàbí hẹdimísíréèsì ni kí ẹ fún, kì í ṣe tíṣà náà, kí ó fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kó kọ déètì sí i, kó sì lu òǹtẹ̀ ilé-ìwé. Bí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, ẹ fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ẹ tọ́jú risíìtì. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá sí àyípadà, ẹ mú ẹ̀dà yẹn lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà sí SUBEB, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, ìyẹn Public Complaints Commission, kì í gba owó. Legal Aid Council ń ran ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lọ́wọ́. Kọ́ọ̀tù ni ìgbẹ̀yìn: abala 46 gbà yín láyè láti lọ sí kọ́ọ̀tù gíga lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ìlànà 2009 sì ti mú un rọrùn ju ẹjọ́ mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ń gba àkókò, ọmọ á sì wà ní ilé-ìwé yẹn ní gbogbo àsìkò tí ẹ̀yin ń ṣe ẹjọ́.

Àwọn nǹkan tó máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ má mú àáfà tàbí pásítọ̀ tàbí àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí dání. Nígbà tí wọ́n bá ti pé ogún lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ ọmọ kan ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn méjì. Ẹ rántí Kwara: ní 2021 ni wọ́n ti ilé-ìwé mẹ́wàá ní Ìlọrin lórí ọ̀rọ̀ híjáàbù, ní 2022 ìjà bẹ́ ní Ìjàgbọ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti dá ti Èkó ní oṣù kẹfà 2022, adájọ́ 5 sí 2, pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ híjáàbù bá tún dìde, ìdájọ́ wà tí ẹ lè tọ́ka sí láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ má ya tíṣà náà ní fídíò kí ẹ sì gbé e sí Facebook. Ojú ọmọ yín ló máa kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tíṣà láìdáa níwájú ọmọ. Ẹ̀sìn ìyá rẹ̀ ni.

Ìṣòro kan wà tí lẹ́tà kò lè tán: àìsí tíṣà I.R.S. Ìwé ẹ̀kọ́ ìjọba ya ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Krístì (C.R.S.) àti I.R.S. sọ́tọ̀, ọ̀kan ni ọmọ ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni kò ní tíṣà fún èkejì, ni wọ́n bá kó gbogbo ọmọ jọ sí ọ̀kan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tiyín, ẹ béèrè bóyá tíṣà ilé-ìwé tó wà nítòsí lè máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí kí ọmọ máa ka ìwé I.R.S. nílé kí wọ́n sì fún un ní ìdánwò rẹ̀. Kí ẹ rí i pé ìwé èsì rẹ̀ kò ní òdo. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kàn yí ilé-ìwé padà. Ó ṣeé ṣe, pàápàá bí tíṣà náà kò bá jáwọ́. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé aládàáni nílò owó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti ìjọ, inú fọ́ọ̀mù tí ẹ máa fọwọ́ sí ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé ọmọ á máa lọ sí ìsìn. Ẹ kà á dáadáa. Bí ẹ bá tilẹ̀ máa yí i padà, ìparí sáà ni kó jẹ́. Ọmọ tí wọ́n yọ láàárín sáà ń pàdánù ìdánwò, ó sì máa rò pé òun ló ṣẹ̀.

Nílé, kí ọkọ yín bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹnu rẹ̀ ni ó ti máa wọlé. Bí ó bá gbà, kí ó fi ilé-kéwú ìrọ̀lẹ́ lọ̀ ọ́, torí ohun tó ń bà á lẹ́rù lè jẹ́ pé àwọn ọmọ kò mọ kéwú, ìyẹn sì ní àtúnṣe. Ẹ kọ àdéhùn tiyín sílẹ̀ lójú ìwé kan: ẹ̀sìn tí ẹ fi ń tọ́ wọn, ilé-ìwé tí wọ́n ń lọ, ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sí ilé-kéwú, bí wọ́n bá lè bá yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Kérésìmesì, ẹni tó máa mú wọn lọ sí yídì. Kọ́ọ̀tù lè má tẹ̀lé e bí kò bá ṣe ọmọ láǹfààní, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹbí lẹ́nu mọ́, bí ikú tàbí ìkọ̀sílẹ̀ bá sì dé, ó ń fi ohun tí ẹ pinnu hàn. Ẹ má sọ pé kò ní ṣẹlẹ̀ sí yín. Opó tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ ni ẹbí máa ń tètè gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ ẹ̀sìn.

Ní ti ọmọ fúnra rẹ̀, ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn kan péré: "Mọ́mì àti dádì mi ní kí n dúró jẹ́ẹ́." Kó má bá tíṣà jiyàn, kó má ṣàlàyé Ìsìláàmù. Àwọn ọmọ kíláàsì lè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, òfin kò sì ní oògùn fún ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ máa gbọ́ ọ lálaalẹ́, ẹ̀yin lẹ máa bá a sọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé àti ìyá àti bàbá rẹ̀, kò sí ẹni tó ń lọ sí iná nínú wọn. Ó nílò rẹ̀ láti ẹnu yín, torí ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn ti wọ inú rẹ̀. Ẹ ra ìwé ẹ̀kọ́ kékeré kan. Bí tíṣà bá tún mú pàṣán, ẹ kọ ọjọ́, aago, ohun tó sọ gẹ́lẹ́ àti ẹni tó wà níbẹ̀, lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó sùn. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ SUBEB tàbí agbẹjọ́rò, ìwé yẹn àti ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.